Èjìká Òsì Bàbá Mi

Kí n tó lọ kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ dáadáa, ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ọ́n rán: ìlà gbọọrọ. Ẹ gbé aṣọ fèrèsé wá, mo ti rán an. Ẹ gbé àpò ìrọ̀rí wá, mo ti rán an. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ní kọ́rọ̀ nínú, tí ọrùn tàbí apá èèyàn yóò gbà wọlé, èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ mi a máa wo ara wa bí orogún. Lọ́dún tí mo wọlé ọkọ ní Kétu, mo rán ṣòkòtò fún ọkọ mi, ẹni tó ń ṣe olùkọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́ lọ sí ilé ìwé, kò lè bẹ̀rẹ̀ kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ pátákó. Ó ní àwọn ọmọ ń kí òun kú ẹ̀yìn ríro. Mo ní kó máa kọ̀wé sókè.

Kì í wá ṣe ṣòkòtò ọkọ mi ló lé mi dé ìdí ẹ̀kọ́. Bàbá mi ni. Àgbẹ̀ ni ní Okpomẹta, abúlé wa. Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, èjìká òsì rẹ̀ ṣẹ́, ó sì jinná ní wíwọ́. Láti ìgbà náà ni èjìká ọ̀ún ti fi ìka mẹ́rin lọ sílẹ̀ ju ìkejì lọ. Lóko, kò sẹ́ni tó ń wò ó, àgbàdo kì í fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ gbé agbádá wọ̀ ọ́, kó tó dé ẹnu ọ̀nà, apá òsì agbádá ti ń gbálẹ̀. Ẹ gbé bùbá wọ̀ ọ́, ọrùn bùbá á yọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni pé èèyàn méjì ló ń du aṣọ náà.

Nígbà tí èmi ṣe ìgbéyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Fádà, àbúrò bàbá mi ló mú mi wọlé. Bàbá mi kò yọjú. Gbogbo ẹbí sọ pé òrìṣà ilé ló ń bọ, pé kò fẹ́ gbọ́ òórùn tùràrí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbà bẹ́ẹ̀, mo sì dì í sínú fún ọdún mẹ́fà gbáko. Bí mo bá lọ kí wọn lábúlé, tí mo gbé oúnjẹ fún un, mo máa ń gbé e kalẹ̀ bí ẹni tó ń gbé e fún àlejò tí a kò mọ ìgbà tí yóò lọ. Kò bi mí rí pé kí ló dé. Èmi náà kò sọ.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan láti Pọbẹ̀ wá fẹ́ àbúrò mi obìnrin. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn kan náà, Fádà yẹn kan náà. Kíá ni bàbá mi ní kí àbúrò òun tún mú eléyìí wọlé. Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo ní ilé ìdáná ìyá mi. Mo ní òrìṣà wo ló ń lé èèyàn kúrò lẹ́yìn ọmọ ẹ̀ẹ̀mejì? Ìyá mi ń lọ ata, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ pé Ọlọ́run yín ló ń sá fún? Aṣọ ló ń sá fún."

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi. Nígbà ìgbéyàwó mi, àwọn àna mi rán ẹ̀wù oníkọ́là alápò mẹ́rin sí bàbá mi, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń wọ̀, tí à ń pè ní fẹ́sìtì. Ó wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá. Ẹni tó gbé e wá wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi bọ́ ọ, ó ká a, ó sì tì í sábẹ́ ibùsùn. Ó ṣì wà níbẹ̀, èkúté ti jẹ kọ́là rẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń bínú sí òrìṣà tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀. Mo sọ fún ìyá mi pé èmi ni n ó rán fẹ́sìtì tí bàbá mi yóò wọ̀ mú àbúrò mi wọlé. Ìyá mi dúró, ó gbé ọmọ ọlọ sílẹ̀, ó ní, "Ìwọ? Ìwọ tí o rán ṣòkòtò fún ọkọ rẹ yẹn?"

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi lọ kọ́ṣẹ́.

Àsìkò yẹn ni ìjọba ti sọ gbogbo wa di kámáráàdì, pé ọgbọọgba ni gbogbo èèyàn. Olùkọ́ di kámáráàdì, ṣọ́jà di kámáráàdì, ìyá tó ń ta epo pupa ládùúgbò wa náà di kámáráàdì, àmọ́ kò torí ìyẹn yéé bu omi sí epo. Wọ́n rán obìnrin kan wá láti Àjàṣẹ́ kó wá kọ́ àwa obìnrin Kétu ní ìránṣọ tó kọjá ìró àti bùbá. Ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ọmọ kò sí ní ilé ìwé, la máa ń pàdé nínú kíláàsì kan, oníkálukú á sì ru ẹ̀rọ rẹ̀ lórí wá.

Obìnrin náà ti lé ní àádọ́ta ọdún, ó sì fẹ́ ká máa pe òun ní kámáráàdì lásán. Ta ni yóò dán an wò? Ọmọ Kétu wo ni yóò dúró ṣánṣán níwájú ẹni tó lè bí i lọ́mọ, tí yóò la ẹnu ní, "Ẹ ǹlẹ́, kámáráàdì"? A rò ó sókè, a rò ó sílẹ̀, a rí ọ̀nà gbà: a sọ ọ́ ní Ìyá Kámáráàdì, a sì ń kúnlẹ̀ kí i. Ó fi ọ̀sẹ̀ méjì bínú. Ó ní ìkúnlẹ̀ jẹ́ àṣà àwọn tó ń rẹ́ aráàlú jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú wa gbàgbé, kò kúnlẹ̀. Ìyá Kámáráàdì wò ó títí, ó bi í bóyá orúnkún ń dùn ún.

Wákàtí kan gbáko la fi ń gbọ́ nípa ìwà ìkà àwọn òyìnbó amúnisìn ká tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ibi tí mo jókòó sí, mo ti mọ ìgbà tí yóò gbá tábìlì àti ìgbà tí a ó pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti mú àlùmọ́gàjí dání, gbogbo ìyẹn á parí. Obìnrin náà mọṣẹ́. Ó kọ́ wa bí kọ́là ṣe ń dìde dúró tí kò ní sùn sílẹ̀ bí etí ajá. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń la àpò sínú aṣọ láìba aṣọ jẹ́. Ó kọ́ wa pé orí apá ẹ̀wù gbọ́dọ̀ tóbi díẹ̀ ju ihò èjìká tí a ó rán an mọ́ lọ, pé iṣẹ́ ẹni tó ń ránṣọ ni láti fi òwú fa ìyàtọ̀ náà mọ́ra díẹ̀díẹ̀, títí ojú kò fi ní rí i. Bí ìwúnjọ kan ṣoṣo bá yọ lórí èjìká, tú u. Mo tú apá kan ṣoṣo ní ìgbà mọ́kànlá. Nígbà tí yóò fi di ìgbà kẹsàn-án, mo ti ń bá apá náà sọ ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ níbi tí ọmọdé wà.

Pátíróòn ló le jù. Bébà tí a fi ń ya ara èèyàn ni, kí a tó gbé e lé aṣọ láti gé e. Kò sí bébà tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Kétu àyàfi ìwé ìròyìn ìjọba, tí wọ́n ń kó wá fún ilé ìwé láìka iye. Ẹ̀kọ tútù la fi ń lẹ ojú ewé rẹ̀ pọ̀. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tí gbogbo wa sì mọ̀: a kì í gé ojú ẹni ńlá nínú àwòrán. Gé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó o ṣe fẹ́, ó ti gùn jù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀, má dán an wò. Ta ló mọ ẹni tí yóò lọ wí níbì kan pé ìyàwó olùkọ́ ń fi àlùmọ́gàjí la mínísítà sí méjì? Nítorí náà, a máa ń yí bébà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí àwọn èèyàn ńlá yóò fi bọ́ síbi tí àlùmọ́gàjí kò dé. Àìmọye ṣòkòtò la rán lọ́dún náà tó jẹ́ pé ìpàdé àwọn aláṣẹ ló wà níbi ìdí pátíróòn rẹ̀.

Ìdajì ara la máa ń yà, a ó sì ṣẹ́ bébà po kí ìdajì kejì lè bá a dọ́gba. Ìyá Kámáráàdì ní, "Ọlọ́run dá apá ọ̀tún, ó sì dá tòsì bákan náà." Ó wá rántí pé wọn kò fẹ́ ká máa dárúkọ Ọlọ́run nínú kíláàsì. Ó ní, "Mo ní ìṣẹ̀dá."

Mo nawọ́. Mo ní, "Ìyá Kámáráàdì, ẹni tí èjìká rẹ̀ kò bá dọ́gba ńkọ́?"

"Ta nìyẹn?"

"Bàbá mi ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo àwọn tí mo sọ ọ́ fún, òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín tàbí káàánú. Ó ní kí n má ṣẹ́ bébà po rárá, kí n ya ọ̀tún lọ́tọ̀, kí n ya òsì lọ́tọ̀. Ó ní, "Ara ló ń pàṣẹ, bébà ló ń gbọ́. Lọ wọn ara bàbá rẹ."

Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ dé Okpomẹta, mo yọ okùn ìwọnṣọ jáde, bàbá mi fò dìde bí ẹni rí ejò. Ó ní, "Ṣé mo ti kú ni? Ẹni tí wọ́n fẹ́ kan pósí fún ni wọ́n ń wọ̀n." Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ̀. Mo bá wọn ẹ̀wù oko rẹ̀ tó gbó tó wà lórí okùn, mo sì fojú díwọ̀n ti èjìká. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Èmi kò bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà.

Nílé, mo lẹ bébà pọ̀, mo ya ọ̀tún, ó dára. Mo dé òsì. Níbi gan-an tí ìlà èjìká ti yẹ kó sọ̀ kalẹ̀ ní ìka mẹ́rin, àwòrán mínísítà kan ló wà níbẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ yọ bọ̀bọ̀, ó ń bọ àwọn èèyàn kan lọ́wọ́ nídìí afárá. Ìlà mi yóò gba àárín imú rẹ̀ kọjá. Mo ti lẹ gbogbo bébà tó wà nílé, kò sí èyí tí mo lè yí mọ́. Ọkọ mi yọjú wò ó, ó ní, "Jọ̀wọ́, má gé ọkùnrin yìí. Iṣẹ́ ìjọba là ń jẹ." Mo ní kò burú. Mo gbé ìlà náà sókè díẹ̀, mo gba orí fìlà mínísítà kọjá. Ìka méjì péré ni. Kí ni ìka méjì fẹ́ ṣe?

Mo gbé e lé aṣọ. Tẹ́gáàlì aláwọ̀ eérú ni, mítà mẹ́ta tí àwọn àna àbúrò mi fi ránṣẹ́, irú rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́. Mo gé e, mo rán an, mo fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́. Apá wọlé wẹ́rẹ́, kọ́là dúró. Mo yin ara mi. Mo jó yí ẹ̀rọ ká.

Ọ̀sẹ̀ kan àti ọjọ́ kan ló kù kí ìgbéyàwó pé nígbà tí mo gbé e dé Okpomẹta. Bàbá mi wẹ̀ kó tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dùn mí nígbà tí mo rántí rẹ̀ lẹ́yìn náà, pé ó wẹ̀. Ó wọ̀ ọ́, ìyá mi gbé dígí kékeré rẹ̀ sókè níwájú rẹ̀. Apá ọ̀tún jókòó jẹ́jẹ́. Ní apá òsì, aṣọ ga sókè bí òrùlé ahéré, kò sì sí èjìká nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n rí á mọ̀ lójú kan náà pé ohun kan ṣe ọkùnrin yìí. Gbogbo ohun tí ó ti ń fi pamọ́ láti ọ̀dọ́ ni mo gbé jáde síta fún un, mo sì fi bọ́tìnnì sí i.

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn. Ó bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, ó ká a, ó fi lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ẹ pe àbúrò mi."

Mo sunkún láti Okpomẹta dé Kétu lórí kẹ̀kẹ́, eruku pupa lẹ̀ mọ́ mi lójú. Ilé tí Ìyá Kámáráàdì ń gbé ni mo gbà lọ tààrà. Mo tẹ́ ẹ̀wù náà àti pátíróòn rẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó wo ẹ̀wù, ó wo bébà, ó fi ìka tọ ìlà èjìká òsì títí tó fi dé ibi tó ti yà bàrà.

Ó ní, "Kí ló gbé ìlà yìí gòkè?"

Mo fi mínísítà hàn án.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ó tún lọ pa fèrèsé dé. Ó ní, "Ṣé òun ló fẹ́ wọ ẹ̀wù náà?"

"Rárá, Ìyá."

"Ṣé òun ló fẹ́ fa ọmọ fún ọkọ?"

"Rárá, Ìyá."

Obìnrin tó ń fi wákàtí kan yin àwọn aláṣẹ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yìí mú àlùmọ́gàjí, ó sì gba àárín imú ọkùnrin náà kọjá láìsẹ́jú. Ó ní, "Vwalà, ó parí." Ó ju ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sínú iná tó fi ń se ẹ̀wà. Mo rẹ́rìn-ín títí ẹkún mi fi tán. Ó kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, òun yóò ní èmi ni mo gé e. Mo ní kò ṣòro fún wọn láti gbà á gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún mi. Ó ní aṣọ tí a kò gé tó ṣe é tún gé, èyí tí a gé jù ni kò ní àtúnṣe. Ẹ̀wù náà ṣì lè rí bó ṣe yẹ, àmọ́ òun kò ní fi àlùmọ́gàjí kàn án nípa ìfojúdíwọ̀n. Kí n lọ wọn bàbá mi, ní ìdúró, láìwọ ẹ̀wù.

Mo padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá mi ń to èbù iṣu lẹ́yìn ilé. Mo kí i, mo yọ okùn ìwọnṣọ. Ó ní òun ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ìgbà náà ni ohun tí mo dì sínú já. N kò mọ̀ pé mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀. Ẹlòmíràn ló mú mi wọlé bí ọmọ tí kò ní bàbá. Mo ń wo ẹ̀yìn títí mo fi dé iwájú Fádà. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é fún èyí náà, ẹ ṣe é, àmọ́ ẹ má ní ẹ̀wù ni. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń rán an nítorí yín."

Ìyá mi yọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo mọ̀ pé mo ti kọjá àyè mi. A kì í bá bàbá ẹni sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílé wa. Bàbá mi gbé iṣu tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì kẹ̀yìn sí mi. Ó dúró bẹ́ẹ̀.

N kò fọwọ́ kan èjìká yẹn rí láyé mi. Eegun rẹ̀ yọ síta níbì kan, ó rì wọlé níbòmíràn, ó sì gbóná, nítorí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Ìka mẹ́rin àti díẹ̀ ni. Ó ní, "Ọwọ́ rẹ tutù."

Ọjọ́ márùn-ún ni èmi àti Ìyá Kámáráàdì fi tú ẹ̀wù náà, tí a tún èjìká gé, tí a sì tún apá fà mọ́ ọn. Kò ráyè wá sí kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa amúnisìn lọ́sẹ̀ yẹn sì mọ ẹni tí wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń rán ìrọ̀rí kékeré tí òwú wà nínú rẹ̀ sábẹ́ èjìká ẹ̀wù. Mo fẹ́ kó nípọn títí èjìká méjèèjì yóò fi dọ́gba. Ó ní rárá. Ó ní bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo Okpomẹta yóò máa bèèrè ibi tí èjìká tí wọ́n mọ̀ lọ. Tín-ínrín la ṣe é, kí aṣọ kàn lè rí ibi sinmi.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, bàbá mi mú àbúrò mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Èjìká òsì rẹ̀ ṣì lọ sílẹ̀ díẹ̀, ẹ̀wù náà sì bá a lọ síbẹ̀ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Kò sí ìwúnjọ kan. Ẹnikẹ́ni kò wo ẹ̀wù. Ìyàwó ni wọ́n ń wò, èmi nìkan ni mo ń wo èjìká. Inú mi dùn, mo sì ń jowú àbúrò mi. N kò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Mo rán ẹ̀wù tí bàbá mi fi ṣe bàbá ẹlòmíràn, ohun tí mo ń rò nìyẹn nígbà tí àwọn tó kù ń kọrin.

Lẹ́yìn ìsìn, ó pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí èèyàn kò pọ̀ sí. Ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tìrẹ, mo wá. Abẹ́ fèrèsé yìí ni mo dúró sí. Ẹ̀wù oko ló wà lọ́rùn mi. Fádà bi ọ́ ní ìbéèrè, o dáhùn, kò gbọ́. Ó tún un bi. Ìgbà kejì lo tó sọ̀rọ̀ sókè."

Lóòótọ́ ni Fádà bi mí lẹ́ẹ̀mejì. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, kò sì sí bí ẹni tí kò sí níbẹ̀ ṣe lè mọ̀. Mo fẹ́ dì mọ́ ọn, àmọ́ a kì í dì mọ́ bàbá ẹni nílé wa. Mo bá ṣe bí ẹni tó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ lórí èjìká òsì yẹn, n kò gbé e kúrò.

Ó ní, "Ṣé ó wọ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, Bàbá. Kò wọ́."